Ta Ló Jí Ọ̀run Móoru?

Bí ọmọkùnrin kan bá wọ ṣòkòtò tó tóbi jù ú lọ jáde ní Ìgbó-Ọrà lónìí, tàbí tó so táì tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ mọ́rùn lọ síbi ìgbéyàwó ní Ẹ̀rúwà, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi pè é pé, "Bàbá Sàlá, níbo lẹ̀ ń lọ?" Gbogbo èèyàn á bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ ọ́ lè má tíì pé ogún ọdún. Ó ṣeé ṣe kó má tíì wo eré Bàbá Sàlá kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ náà ti di ọ̀rọ̀ inú èdè wa, bí ìgbà tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà nídìí orúkọ yẹn. Ó ní ìlú, ó ní ìyàwó àti ọmọ, ó kó ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bọ́ káàkiri, ó sì jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn gan-an ló jẹ wá lógún jù, torí pé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni, ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1936 ni wọ́n bí i. Ẹ má fi ṣe Victor Ọláìyá tó ń fun fèrè o. Ọ̀tọ̀ ni tìyẹn. Ó kàn jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló kọrin háíláìfù ni. Bẹ́ẹ̀ ni, orin ni Moses Ọláìyá kọ́kọ́ fi wọ ìgboro, kì í ṣe àwàdà. Federal Rhythm Dandies lorúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan sì wà níbẹ̀ tó ń ta gìtá, Sunday Adéníyì. Ní nǹkan bíi 1967 ọ̀dọ́kùnrin náà bọ́ síta, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: Sunny Adé ni. Ẹ wo ẹgbẹ́ orin kan ṣoṣo, ọba jùjú jáde níbẹ̀, ọba aláwàdà náà jáde níbẹ̀.

Lásìkò tá à ń wí yìí, iṣẹ́ eré orí ìtàgé ti fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Hubert Ògúndé ló ṣíwájú, láti 1945 ló ti fi í ṣe iṣẹ́ jẹun. Kọ́lá Ògúnmọ́lá wà níbẹ̀, Dúró Ládiípọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orin gbé eré lárugẹ. Eré wọn kún fún ọba, ogun, òrìṣà, ìtàn Bíbélì, àti ẹ̀kọ́ ìwà. Àwàdà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí iyọ̀ ló ṣe wà níbẹ̀: wọ́n á wọ́n ọn díẹ̀, wọ́n á sì padà sídìí ọbẹ̀. Moses Ọláìyá ló gbé iyọ̀ kaná tó ní ọbẹ̀ ni, tí aráyé sì jẹ ẹ́ tí wọ́n ń lá ọwọ́. Aláwàdà ló sọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé òun wá wàásù.

Ibi tó ti wá di ẹni gbogbo ayé ni WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, èyí tí wọ́n máa ń pè ní àkọ́kọ́ nílẹ̀ adúláwọ̀, tó sì di NTA Ìbàdàn nígbà tó yá. Ojú tẹlifíṣọ̀n yẹn ló gbé Bàbá Sàlá wọ ilé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dé.

Kí ni Bàbá Sàlá gan-an? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi aṣọ. Awò ojú ńlá, férémù lásán tí kò sí gíláàsì nínú rẹ̀. Táì alábèbè tó fẹ̀ ju àyà ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Aago, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́ o, èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì ni, òun ló so kọ́ra gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́. Ṣòkòtò tí kò bá kókósẹ̀ mu, ẹ̀wù tó dà bíi pé èèyàn mẹ́ta ló yá a wọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọmọdé á rí i, á rẹ́rìn-ín, ó tán. Àmọ́ ẹ wo àwọn nǹkan yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Táì, awò, aago. Nílẹ̀ Yorùbá ìgbà náà, ṣebí ohun tí wọ́n fi ń mọ akọ̀wé nìyẹn? Tíṣà ló ń wo awò. Ọ̀gá ọ́fíìsì ló ń so táì. Ẹni tí aago wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bi pé aago mélòó ló lù. Bàbá Sàlá kó gbogbo àmì ọ̀làjú wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì wọ gbogbo rẹ̀ lódì. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni agbára eré rẹ̀ wà. Àgbẹ̀ tó ń wò ó ń fi akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé tó ń wò ó ń fi ará oko tó fẹ́ di akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀.

Ìwà tó wà nínú aṣọ yẹn náà ò yí padà. Ahun ni. Kọ́bọ̀ kan kì í jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ràn obìnrin ju bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe gbà lọ. Ó ń halẹ̀ bí akin, àmọ́ bí wàhálà bá dé tán, òun ló máa kọ́kọ́ wá ibi sá gbà. Ó gbọ́n, ó gbọ́n títí ọgbọ́n á fi ti í sí kòtò. Bó ti wù kí eré náà gbà lọ, ibi tí ọ̀kánjúwà rẹ̀ á ti pa á lára la máa bá a sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni kò sí nínú ìwé: wọ́n á fẹnu kò sí bí ìtàn ṣe máa lọ, ẹnu àwọn òṣèré ló kù. Bí ará Ìbàdàn bá pariwo láti ẹ̀yìn, Bàbá Sàlá á dá a lóhùn, ìdáhùn yẹn náà á sì di ara eré.

Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ló ti kọ́ irú eré yìí. Ní 1826 ni arìnrìn-àjò ará Scotland kan, Hugh Clapperton, dé Ọ̀yọ́-Ilé, ààfin sì pe àwọn alárìnjó, àwọn eégún aláré, wá ṣeré fún un. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀kan di erè, ó ń wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òmíràn jáde tó di òyìnbó: ó funfun báláú, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀. Ojú àlejò náà ni wọ́n ti sín in jẹ, gbogbo ọjà sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn eégún yẹn ní ojú Òyìnbó, ojú Tápà, ojú ọ̀mùtí. Bí wọ́n bá ti gbé ojú kan wọ̀, ìwà ti bá a wá. Awò àti aago Bàbá Sàlá, ojú eégún kan ni òun náà.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Ìbàràpá wa níbí. Ìbàràpá méje: Ìgbó-Ọrà, Ẹ̀rúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀, Ìgàngàn. Àwọn tó ń gbọ́ orúkọ wa lókèèrè, ọ̀rọ̀ ìbejì Ìgbó-Ọrà ni wọ́n mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Láńlátẹ̀ ni wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí, àwo ńlá tó dojú kọ sánmà láàárín oko, tí ìpè tẹlifóònù láti òkè òkun ń gbà wọlé. Gbogbo àgbáyé ń gba orí oko ẹ̀gẹ́ wa kọjá. Àmọ́ ohun tí àwọn èèyàn inú ìlú ń dúró dè lálẹ́ kì í ṣe ohùn láti Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá arúgbó tó so aago tábìlì kọ́ra láti Ìbàdàn ni.

Tẹlifíṣọ̀n ò sì pọ̀ nígbà yẹn. Ilé kan ní àdúgbò lè ní in, bóyá ti tíṣà àgbà tàbí ti oníṣòwò kan, àwọn tó kù á kún ojú fèrèsé. Torí náà, bí ẹgbẹ́ òṣèré bá gbéra wá fúnra wọn, ọdún ti dé nìyẹn. Báyìí ni gbogbo ẹgbẹ́ alárìnkiri ṣe ń ṣe é: ọkọ̀ wọn á kọ́kọ́ yí ìlú ká lọ́sàn-án pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí, wọ́n á lẹ pósítà mọ́ ara ògiri, wọ́n á gba gbọ̀ngàn ìlú tàbí gbọ̀ngàn ilé ìwé, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, wọ́n á sì dúró gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ìlú tó wà lójú títì bíi ti wa, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta síhà Ìsẹ́yìn, ló ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ró, pàápàá lásìkò tí àgbẹ̀ bá ti ta irè oko. Nígbà tí Bíọ́dún Jéyìfó ń ṣe ìwádìí lórí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ tó ń rìn kiri báyìí ti lé ní 100.

Ẹ rántí owó ẹnu ọ̀nà yẹn. Gbogbo ìtàn yìí dá lé e. Òṣèré ìgbà náà ò ní ẹni tó ń san owó oṣù fún un. Owó tí tẹlifíṣọ̀n ń san ò tó bọ́ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá san owó lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó wọlé, tó jókòó, òun lọ̀gá òṣèré.

Lẹ́yìn náà ni fíìmù dé. Ní 1976, Ọlá Balógun, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Aba tó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa fíìmù ní Paris, bá Adéyẹmí Afọláyan, ìyẹn Adé Love, ṣe Àjàní Ògún. Èèyàn wọ́ tìrítìrí lọ wò ó. Ògúndé náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ayé ní ìparí ọdún mẹ́wàá yẹn, Ọlá Balógun kan náà ló bá a ṣe é. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ kò jọ ti orí ìtàgé rárá. Ta ni ò ní fẹ́ bọ́ sí i?

Àmọ́ owó tó ń wọlé pọ̀, èyí tó ń jáde ló kọ́kọ́ ń pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya skít lónìí, tí ẹ̀ ń gé e tí ẹ̀ ń lẹ̀ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì yín kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Fíìmù ayé ìgbà náà, ike gígùn ni, àwòrán kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé ara wọn lórí rẹ̀. Gbogbo ìṣẹ́jú tí kámẹ́rà bá fi ń yí, owó ló ń yí lọ yẹn. Bí wọ́n bá yà á tán, òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ fọ̀, torí kò sí ibi tí wọ́n ti lè fọ fíìmù aláwọ̀ dáadáa nílé. Owó òyìnbó ni wọ́n fi ń san án. Ẹ̀dà tí wọ́n máa tẹ̀ jáde níbẹ̀ ò pọ̀, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló lówó lórí. Òṣèré á wá gbé ẹ̀dà yẹn sínú ọkọ̀, á gbé ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri tì í, á sì máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń gba owó ẹnu ọ̀nà bíi ti ìtàgé. Fíìmù náà kì í kúrò lójú rẹ̀. Bí ẹni tó ń da màlúù ló rí.

Owó yíyá ni Moses Ọláìyá fi wọ̀ ọ́. Ó pe Ọlá Balógun, wọ́n sì ṣe Ọ̀run Móoru, ó jáde ní 1982.

Ìtàn inú rẹ̀ nìyí ní ṣókí. Lámídì, tí Moses Ọláìyá fúnra rẹ̀ ṣe, jẹ́ ọkùnrin tí nǹkan ti ṣẹnuure fún rí. Ó wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ní àwọn á sọ owó di ìlọ́po. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ìṣẹ́ bá a jà, ayé sú u, ó kó sínú odò pé òun ń lọ sọ́run, ó sì rí ayé mìíràn nísàlẹ̀ omi. Kò rọrùn níbẹ̀ náà. Orúkọ fíìmù ti sọ ọ́: ọ̀run gan-an móoru. Ẹni tó bá mọ bí Nàìjíríà ṣe rí nígbà tí owó epo ń ya kiri, tí gbogbo èèyàn ń wá ọ̀nà àbùjá, á mọ̀ pé àwàdà nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Kí fíìmù náà tó rìn jìnnà ni wọ́n ti jí i.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà jí i ò ṣòro láti yé èèyàn. Owó epo yẹn kan náà ti kó ẹ̀rọ fídíò wọ ìlú. Àwọn tó lọ Mẹ́kà ń gbé e bọ̀, àwọn tó lọ Lọ́ńdọ̀nù ń gbé e bọ̀. Bí ẹ̀dà fíìmù bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fún òru kan péré, ó lè dà á sínú kásẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì kan á bí mẹ́wàá, mẹ́wàá á bí ọgọ́rùn-ún, fíìmù gangan á sì padà síbi tó wà, kò sí ohun tó dín lára rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí olè yìí yàtọ̀ sí olè adìyẹ nìyẹn. Olè adìyẹ, o máa ká adìyẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé kan ní Ìdèrè yá kásẹ́ẹ̀tì Ọ̀run Móoru lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Èèyàn ogún ló jókòó sí pálọ̀, ọmọdé mẹ́wàá wà lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Aláwàdà bá wá dé Ìdèrè pẹ̀lú ojúlówó fíìmù, ọgbọ̀n èèyàn yẹn ti wò ó. Wọ́n ti mọ ibi tí Lámídì á ti kó sódò. Wọ́n á jáde wá kí Bàbá Sàlá, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á kì í, wọn ò sì ní san owó ẹnu ọ̀nà. Ẹ wá sọ ọ́ di ìlú mélòó.

A ti ń bi ara wa léèrè pé ta gan-an ló jí i. Ẹni tó da fíìmù sínú kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ jí i, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ ẹni tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹni tó ń fi í yáni? Onílé tó pe àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ṣebí inúure ló ń ṣe? Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó kórìíra Moses Ọláìyá. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé wọn ò lè dúró dè é. Ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: ká ní ọ̀tá ló ṣe é, ó ṣeé pè lẹ́jọ́. Ẹjọ́ ta ni èèyàn máa pe nígbà tí gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín?

Òfin náà ò lágbára. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tó wà nílẹ̀, ti 1970, ìyà tó là kalẹ̀ fún olè bẹ́ẹ̀ kéré ju èrè ọjọ́ kan lọ. Ọdún 1988 ni ìjọba ológun tó ṣe òfin tuntun tó ní eyín lẹ́nu, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì dá àjọ tó ń bójú tó o sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ti kọjá lórí Ọ̀run Móoru nígbà náà. Gbèsè kì í dúró de òfin.

Ó rọrùn fún èèyàn láti sọ pé ohun tó ṣe Lámídì nínú eré ló ṣe Moses Ọláìyá lójú ayé, pé àwọn méjèèjì kó owó lé ohun tó máa di ìlọ́po, ó sì bá omi lọ. Ó dùn-ún sọ, ó dà bí òwe. A ò gbà á. Ọ̀kánjúwà ló pa Lámídì. Moses Ọláìyá ò wá ọ̀nà àbùjá kankan. Ó yá owó, ó fi ṣiṣẹ́, ó kó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, iṣẹ́ náà dára, àwọn èèyàn sì fẹ́ ẹ. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí oníṣòwò ṣe ló ṣe. Wọ́n kàn jẹun tán ni, wọn ò sanwó.

Kò sì jókòó sílé. Ààrẹ Àgbáyé jáde ní 1983. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ló ṣe Mo Ṣebọ́látán, ìyẹn "mo ṣebí ọlá ti tán", a ò sì lè gbọ́ orúkọ yẹn kó má dà bíi pé ara rẹ̀ ló ń bá wí. Àmọ́ nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé ní 1986, tí náírà já, ó parí fún fíìmù onílè gígùn tí wọ́n ń gbé lọ fọ̀ ní òkè òkun. Ta ló fẹ́ wá pọ́n-ùn tí wọ́n máa san?

Àwọn òṣèré Yorùbá wá yíjú sí ohun kan ṣoṣo tó kù nílẹ̀: kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ẹ rò ó wò ná. Ẹ̀rọ tó fọ́ ilé wọn ni wọ́n wá fi kọ́ òmíràn. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà fídíò ya eré, wọ́n ń tà á fúnra wọn lọ́jà, kí olè tó dé ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní Nollywood lónìí, apá kan gbòǹgbò rẹ̀ wà níbẹ̀, kí Living in Bondage ti 1992 tó gba gbogbo orúkọ. Bàbá Sàlá náà bọ́ sí i, Àgbà Man rẹ̀ jáde ní 1992 yẹn kan náà, fídíò ni. Àmọ́ ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, àwọn mìíràn sì ti gba ojú ọ̀nà.

Ta sì ni wọ́n? Àwọn ọmọ rẹ̀ ni, bí wọn ò tilẹ̀ jáde nínú ilé rẹ̀. Ẹgbẹ́ Àwàdà Kẹríkẹrì ti Òjó Ládípọ̀, ìyẹn Bàbá Mẹ́rò. Sunday Ọmọbọ́láńlé tí a mọ̀ sí Àlùwẹ̀. Babátúndé Omídínà, Bàbá Sùwé, tó fi dúdú kun ojú rẹ̀ bí Bàbá Sàlá ṣe so aago kọ́ra. Gbogbo wọn ló mọ àṣírí náà: wá ojú kan, wá aṣọ kan, wá ìwà kan, má sì bọ́ ọ sílẹ̀. Kódà nígbà tí Mr Macaroni bá jókòó bí bàbá olówó tó ń ṣojú sí ọmọge tó lè bí, tó sì ń fi ẹnu dídùn pè é, ta lẹ rò pé ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀? Ahun ìgbà yẹn kò fẹ́ ná kọ́bọ̀, ti ìsinsìnyí ń ná an bí ẹni da omi, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó ìlú ló yí padà, àgbàlagbà oníṣekúṣe ò yí padà.

Olè náà ò sì yí padà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń ṣe skít. Á fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta, á gbé e sí ojú ewé tirẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ẹnì kan á ti wà á sílẹ̀, á gé orúkọ rẹ̀ kúrò, á lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn, á gbé e sí Facebook. Àwọn tó ń wò ó níbẹ̀ á máa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òṣèré yìí mà dára o. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tuntun, ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, ti dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì ní tààràtà. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ tó gbé ohun olóhun síta yọ ọ́ kúrò bí ẹni tó ni ín bá ti fi ìwé sọ fún wọn. Ẹni tó ni ín ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n ti jí i, ṣá.

Ìjọba àpapọ̀ fún Moses Ọláìyá ní oyè MON. Iléṣà ló padà sí, ibẹ̀ ló sì ti kú ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2018, lẹ́ni ọdún 82. Ọmọ rẹ̀, Emmanuel Adéjùmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bòísàlá, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ eré tipẹ́ nígbà náà. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn eré rẹ̀ àtijọ́ ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, láti Ìgbó-Ọrà títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Àwòrán rẹ̀ ti ṣá. Ohùn ń lọ, ó ń bọ̀. Ìlà funfun kan á gòkè láti ìsàlẹ̀, á gba orí awò ojú ńlá yẹn kọjá, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti lo kásẹ́ẹ̀tì fídíò rí mọ ìlà yẹn dáadáa. Ara ojúlówó fíìmù kì í ní in.